Èmi àti Ìyá Ọkọ Mi Lọ́nà Bàsáàmù

Láti ìgbà tí a ti dé, n kò lè ra ata lọ́jà Ẹ̀jìgbò kí ẹnì kan má dá mi dúró. "Ìyá Bàṣírù, ẹ káàbọ̀ o. Báwo ni Kódífúà?" Èmi á ní ó dára. Wọ́n á ní kí n sọ̀rọ̀ dáadáa. Àwọn tó ti gbé ibẹ̀ rí fẹ́ mọ̀ bóyá afárá báyìí ṣì wà, bóyá àdúgbò báyìí ṣì ń kún. Àwọn tí kò dé ibẹ̀ rí, bí èmi náà ṣe rí tẹ́lẹ̀, fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń jẹ àti irú èèyàn tí wọ́n jẹ́. Èmi tí mo gbé ata lọ́wọ́, tí oòrùn ń pa, ibo ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀? Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọmọ àgbẹ̀ ni mí, láti ìlú Ara. Iṣẹ́ olùkọ́ ló gbé mi wá sí Ẹ̀jìgbò, ibẹ̀ ni mo sì ti fẹ́ Kàmọ́rù. Àbíjàn ni wọ́n bí i sí. Nígbà tí ìlú ibẹ̀ dàrú ni àwọn òbí rẹ̀ kó o wálé, irùngbọ̀n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù lágbọ̀n rẹ̀ nígbà náà. Ìyá rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Màámi, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n á kírun, wọ́n á jókòó sẹ́nu ìsọ̀ aṣọ wọn, wọ́n á dá ẹni tó bá kí wọn lóhùn, ó parí. Gbogbo ọdún tí mo ti ń bẹ nílé wọn, n kò gbọ́ ìtàn Àbíjàn kan ṣoṣo lẹ́nu wọn, bẹ́ẹ̀ ni n kò gbọ́ ọ lẹ́nu ọkọ mi.

Àbúrò ọkọ mi obìnrin tó wà ní Ìbàdàn ló gbọ́ pé àwọn kan ń fi bọ́ọ̀sì ńlá kó èèyàn lọ wo àwọn ìlú etí òkun títí dé Kódífúà, pẹ̀lú atọ́nà tí yóò máa ṣàlàyé ohun gbogbo. Ó fẹ́ kí ìyá rẹ̀ lọ najú, nítorí pé láti ọjọ́ tí bàbá wọn ti kú, Màámi kò jáde lọ síbì kankan ju ìsọ̀ àti mọ́ṣáláṣí. A ti mọ̀ lọ́kàn wa pé wọ́n á ní àwọn ò lọ. Ohun tí wọ́n béèrè ni pé, "Ṣé bọ́ọ̀sì yẹn ń dé Bàsáàmù?"

Àbúrò ọkọ mi ní ó ń dé ibẹ̀.

"Mo ń lọ."

Kàmọ́rù ní òun á sìn wọ́n lọ. Màámi mi orí. "Rárá. Ìyàwó mi ni yóò bá mi lọ." Ọkọ mi wò mí, èmi náà wò ó. Kò sẹ́ni tó mọ ìdí rẹ̀ nínú àwa méjèèjì.

Àjàṣẹ́ àti ìlú orí omi

Mo rò pé bí a bá ti ré ẹnubodè kọjá, èdè mi tán nìyẹn. Ní Àjàṣẹ́, tí àwọn Faransé ń pè ní Pọtonófò, obìnrin kan tó ń ta ẹ̀kọ níbi tí bọ́ọ̀sì wa ti dúró kí wa pé, "Ẹ kú ewu ọ̀nà o." Mo bojú wẹ̀yìn kí n wo ará Ẹ̀jìgbò tó ń kí wa. Òun náà ni.

"Ẹ̀yin náà ń sọ Yorùbá?" ni mo bi í.

Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọdé. "Kí lẹ fẹ́ kí n máa sọ tẹ́lẹ̀?" Kò tíì pa ẹnu dé tó fi yíjú sí oníbàárà mìíràn, tó ń fi Faransé bá a sọ̀rọ̀, tó tún fi èdè kẹta bú ewúrẹ́ tó fẹ́ jẹ ewé rẹ̀. Mo dúró tì í títí mo fi jẹ ẹ̀kọ kejì tí ebi ò pa mí fún, kí n ṣáà lè máa gbọ́ ọ.

Làtí ni atọ́nà wa ń jẹ́, ọmọ Masífà tí wọ́n bí sí Àbíjàn. Ó máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ dẹ́rẹ́bà, á gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sẹ́nu, á sì máa da Faransé pọ̀ mọ́ Yorùbá títí Bàbá Ọlá á fi pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Làtí, a ò gbọ́ o! Tún un sọ bí ọmọ Masífà!" Àgbẹ̀ ni Bàbá Ọlá, láti ìlú Ọlá, olórìṣà Ògìyán sì ni wọ́n. Aṣọ funfun ni wọ́n wọ láti ilé títí a fi padà dé, bí wọ́n sì ṣe ń fọ̀ ọ́ tó fi ń mọ́ bẹ́ẹ̀, n kò mọ̀. Ibikíbi tí a bá ti sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, wọ́n á bu erùpẹ̀, wọ́n á fi ìka rà á. "Èyí á gba iṣu." Tàbí, "Àgbọn nìkan ló lè ṣe níbí." Nígbà tó yá, gbogbo ọkọ̀ ló ń dúró gbọ́ ohun tí Bàbá Ọlá máa wí kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìlú.

Wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi gbé wa lọ sí Gànfíé, ìlú tí wọ́n kọ́ sórí ọ̀sà. Orí igi ni ilé wà, omi ni títì. Obìnrin ló ń wa ọkọ̀ lọ sọ́jà, ọjà náà sì tún jẹ́ ọkọ̀: tòmátì nínú ọ̀kan, gáàsì ìdáná nínú èkejì, ìyá kan sì ń din àkàrà lórí omi, epo gbígbóná ń hó, ọkọ̀ ń mì, ara rẹ̀ balẹ̀. Mo gbé fóònù sókè láti ya fọ́tò. Kíá ni ìyá náà da akẹtẹ̀ rẹ̀ bojú. Mo yí sí ẹlòmíràn, òun náà yíjú. Mo rò pé ìtìjú ni.

"Gbé fóònù sílẹ̀," ni Màámi wí. "Bó o bá ń fọ abọ́ lẹ́yìn ilé, tí àlejò kan yọ ojú láti orí ògiri tó ń yà ẹ́, ṣé wàá bá a rẹ́rìn-ín?"

Mo gbé e sílẹ̀. Màámi na ọwọ́ sí ìyá alákàrà náà, wọ́n fi Faransé sọ nǹkan kan. Ìyá náà ṣí akẹtẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó sì wa ọkọ̀ rẹ̀ sún mọ́ wa. A ra àkàrà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa gbọ́ Faransé lẹ́nu ìyá ọkọ mi. Kò jọ ti Làtí rárá. Ohùn wọn ga sí i, ọwọ́ wọn ń bá ọ̀rọ̀ lọ, ojú wọn sì là bí ti ọmọge. Mo ń jẹ àkàrà, mo ń wò wọ́n.

Ibi tí wọ́n ti ń pè wá ní Alátà

Ní Lómè, mo rí ohun tí n kò rí rí: ìlú kan parí lójú títì, ìlú mìíràn sì bẹ̀rẹ̀ lódìkejì títì kan náà. Ẹni tó ń ta búrẹ́dì níhìn-ín, Tógò ló wà. Ẹni tó ń rà á lọ́hùn-ún, Gánà ló ti wá. Òkun kan náà ló ń pariwo sí àwọn méjèèjì.

Gánà gan-an ni mo ti mọ̀ pé àlejò ni mí. N kò gbọ́ èdè wọn, Gẹ̀ẹ́sì tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ sì ń jáde lẹ́nu wọn lọ́nà mìíràn, ó rọra ń sọ̀kalẹ̀ níbi tí tiwa ti ń gòkè. Obìnrin kan tó ń ta kẹ́ńkè, ìyẹn ẹ̀kọ àgbàdo wọn tó kan díẹ̀, tí wọ́n dì sínú háhá, gbọ́ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀, ó sì ké sí ẹnì kejì rẹ̀ pé Alátà ti dé, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀ nìyẹn. Bàbá Ọlá bínú. "Èmi ò ta ata rí láyé mi! Iṣu ni mò ń gbìn!" Làtí túmọ̀ rẹ̀. Àwọn obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, wọ́n sì fi ẹja kún kẹ́ńkè bàbá. Wọ́n tún fi iṣu sísè lọ̀ wọ́n. Bàbá Ọlá gbé e sókè, wọ́n gbóòórùn rẹ̀.

"Iṣu tuntun nìyí."

"Ó dùn, bàbá," ni Làtí wí.

"Mo mọ̀ pé ó dùn. Ọdún Ògìyán ò tíì pé nílé." Wọ́n dá iṣu náà padà pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ọwọ́ méjèèjì. Obìnrin náà kò béèrè ìdí lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní bàbá òun náà ní ohun tí kì í jẹ kí ọdún tó pé.

Ní Kép Kóòsì, Làtí kó wa lọ sí ilé olódi funfun tí àwọn òyìnbó ti ń kó ẹrú sínú ọkọ̀ láyé àtijọ́. Màámi ní àwọn ò wọ inú ibẹ̀. Mo dúró tì wọ́n. A jókòó sórí àpáta, à ń wo àwọn apẹja tó ń ká àwọ̀n. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ìborùn wọn. Lójijì ni wọ́n wí pé:

"Ìyá Bàṣírù, ṣé o mọ̀ pé aya méjì ni bàbá ọkọ rẹ fẹ́?"

"N kò mọ̀, mà."

"Akísí lorúkọ ìyàwó kejì. Ará Kódífúà ni. Èmi ni ìyáálé. Ọjà ni mo máa ń wà láti òwúrọ̀, Akísí ló ń tọ́jú ilé. Òun ló pọn Kàmọ́rù. Òun ló kọ́ ọ ní ìrìn. Kò bímọ tirẹ̀." Wọ́n fa ìborùn wọn mọ́ra. "Nígbà tí wàhálà dé, tí wọ́n ń lé àlejò, àwa tí a jẹ́ àlejò sá. Akísí sá lọ sọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀. Bàbá ní bí ọ̀nà bá ti ṣí, òun á padà lọ mú un wá. A dé Ẹ̀jìgbò, àwọn ẹbí ní obìnrin tí kò bímọ, tó tún jẹ́ àjèjì, kí ni wọ́n fẹ́ lọ mú u ṣe. Ọ̀rọ̀ di ìjà. Bàbá dákẹ́. Èmi náà dákẹ́, torí mo ní ọmọ ní ọwọ́. Nígbà tí bàbá ṣe tán láti lọ, àìsàn rọpárọsẹ̀ gbé wọn ṣánlẹ̀. Ìyókù lo mọ̀."

Mo mọ ọ́n. Èmi náà wà lára àwọn tó ń gbé bàbá jókòó.

"Ṣé wọ́n ti mọ̀ níbẹ̀ pé bàbá ti kú?"

"N kò mọ̀. Oníṣòwò kan tó wá sílé ló sọ fún mi pé òun rí i ní Bàsáàmù, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ńlá, ó ń ṣe àtìẹ̀kẹ́, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ wọn, tà. Mo fẹ́ fi ẹnu ara mi sọ fún un. Ó lè lé mi. Bó bá lé mi, kì í ṣe níṣojú àwọn ọmọ mi. Ìdí tí mo fi mú ọ nìyẹn."

Àwọn èrò ọkọ̀ ń jáde bọ̀ láti inú ilé olódi náà, àwọn kan ń nu ojú. Màámi dìde, wọ́n gbọn ìdí aṣọ wọn, wọ́n sì ṣíwájú mi lọ sídìí ọkọ̀.

Àbíjàn

Mo jẹ́wọ́ pé ẹnu mi kò padé nígbà tí a gun afárá tó dábùú ọ̀sà, tí àwọn ilé gíga ń yọ níwájú. Ọkùnrin kan tó dúró nídìí ọkọ̀ tirẹ̀ rí wa lójú fèrèsé, ó juwọ́, ó sì pariwo pé, "Bọ̀nàrìfé!" Kò mọ̀ wá rí. Gbogbo ibi tí a dé ni wọ́n ti ń kí wa bẹ́ẹ̀, káàbọ̀ ni. Ẹni tó ń gbálẹ̀ kí wa, ẹni tó ń ta káàdì kí wa. Wọ́n ń pe Màámi ní Tàńtì, ìyẹn àǹtí, wọ́n ń pe èmi náà ní Tàńtì. Ọ̀kan béèrè ibi tí a ti wá, kí n tó dáhùn, ó ti mọ̀: "Ànàgó!" Kì í ṣe èébú, Làtí ní orúkọ tí wọ́n ń pe àwọn Yorùbá nìyẹn.

Ìbéèrè oúnjẹ ló pọ̀ jù lọ́jà, ẹ jẹ́ kí n dáhùn ún. Ẹ wo gàrí tí omi rọra wọ̀, tó wú, tí kò di ẹ̀bà, tí hóró rẹ̀ dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àtìẹ̀kẹ́ nìyẹn. Wọ́n á da àlùbọ́sà àti tòmátì tútù sí i lórí, wọ́n á gbé ẹja díndín lé e, ata á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọwọ́ la fi ń jẹ ẹ́. Ó kan díẹ̀ lẹ́nu, ẹ̀yìn náà lẹ ó mọ̀ pé ẹ ti jẹ ẹ́ tán. Bàbá Ọlá jẹ ẹ́ tán, wọ́n tún béèrè òmíràn. Ẹ̀gẹ́ ni, Ògìyán kò bá wọn wí nípa ẹ̀gẹ́.

Ní Tíráyífílù, àdúgbò kan ní Àbíjàn, a bá àwọn ará Ẹ̀jìgbò pàdé ní títì gbọọrọ kan, tí wọ́n jókòó bí ẹni pé ẹ̀yìn ọjà wa ni wọ́n wà. Mo gbọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ Ẹ̀jìgbò tó mọ́ jù tèmi lọ, tí kò sì dé Ẹ̀jìgbò rí. Màámi kí wọn díẹ̀, wọ́n sì fà sẹ́yìn. Mo rí i pé Màámi kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè ibi tí àwọn ń lọ.

Nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ kejì, Làtí kọ́ wa ní ìwà ilẹ̀ náà. "Bí ẹ bá wọ ilé ẹnì kan níbí, ẹ má tíì sọ ohun tí ẹ bá wá. Wọ́n á fún yín ní ìjókòó. Wọ́n á fún yín lómi. Ẹ̀yìn tí ẹ bá mu ún tán ni wọ́n á béèrè ìròyìn lọ́wọ́ yín. Ìgbà yẹn lẹ ó sọ̀rọ̀."

"Bó bá jẹ́ pé ilé ń jó ńkọ́?" ni Bàbá Ọlá bi í.

"Ẹ ó mu omi náà kíákíá, bàbá."

Bàsáàmù

Ìlú àtijọ́ ni Bàsáàmù, láàárín ọ̀sà àti òkun. Àwọn ilé òyìnbó tó ti di ahoro wà níbẹ̀, igi hù láti inú fèrèsé wọn. Làtí ní kí kálukú rìn káàkiri, kí a pàdé nídìí bọ́ọ̀sì nígbà ìrun àsárì, kí ó lè mú wa lọ wo ilé tí wọ́n kó ohun àtijọ́ sí. Màámi ti sọ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀ tán.

A kọjá lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ńlá. Màámi béèrè lọ́wọ́ obìnrin kan, ó nawọ́ sí ọgbà kan tí èéfín ti ń jáde. Níbẹ̀, wọ́n ti tẹ́ ẹ̀gẹ́ rírìn sórí aṣọ nínú oòrùn, obìnrin kan sì jókòó nídìí ìkòkò tó ń se àtìẹ̀kẹ́. Irun rẹ̀ ti funfun. Ó gbójú sókè.

Kò kígbe, kò sì fò mọ́ ẹnikẹ́ni. Ó wo Màámi, ó wò wọ́n títí, ó wá rọra dìde, ó wọlé, ó gbé àga méjì jáde. Ó gbé e sábẹ́ igi. A jókòó. Ó tún wọlé, ó bu omi wá nínú ife, ó fi fún Màámi, ó fi fún mi. A mu ún. Omi dà sí Màámi láyà. Obìnrin náà gba ife, ó jókòó sórí àpótí níwájú wa, ó sì fi Faransé béèrè gbólóhùn kan. N kò gbọ́ Faransé, àmọ́ mo mọ̀ pé ó ń béèrè ìròyìn.

Màámi la ẹnu. Kò sí ohùn. Wọ́n tún là á. Gbogbo ọ̀nà tí a rìn láti Ẹ̀jìgbò, ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kọ̀ wọ́n.

Obìnrin náà wá yíjú sí mi, ó sì sọ ọ́ ní Yorùbá, Yorùbá ilé wa gan-an: "Ìwọ ta ni?"

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ìyàwó Kàmọ́rù ni mí."

"Kàmọ́rù." Ó pe orúkọ náà bí ẹni tó ń tọ́ ọ wò. "Kàmọ́rù ti níyàwó." Ó nawọ́ fà mí dìde. "Nígbà tí ìyáálé mi ò lè sọ̀rọ̀, ìwọ sọ ìròyìn."

Mo wo Màámi. Wọ́n fi orí sọ fún mi pé kí n sọ ọ́. N kò túfọ̀ rí láyé mi.

"Mà, a wá láti Ẹ̀jìgbò. Wọ́n ní kí a wá sọ fún yín pé bàbá ò sí mọ́."

Kò sí ohun tó yí padà lójú rẹ̀. Ó ní, "Mo ti gbọ́."

Màámi gbójú sókè.

"Mo ti gbọ́ tipẹ́. Ọjà ni ẹnì kan ti pàdé mi, ó dúró, ó sọ ọ́, ó bá tirẹ̀ lọ, ẹrù mi ṣì wà lórí. Mo sunkún tèmi, mo ká aṣọ ọ̀fọ̀ mi. Ṣùgbọ́n ẹnì kankan kò wá sílé mi. Ẹnì kankan kò jókòó, kò mu omi, kò sọ fún mi bí wọ́n ṣe ń sọ fún aya." Ó kọjú sí Màámi. "Ìyáálé, ẹ wá. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ wá."

Ìgbà yẹn ni Màámi bú sẹ́kún. Àwọn méjèèjì di ara wọn mú lábẹ́ igi náà. Mo kúrò níbẹ̀, mo lọ ń ro àtìẹ̀kẹ́ tó wà lórí iná kó má baà jóná, torí n kò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe.

Nígbà tó pẹ́, mo gbọ́ Màmá Akísí tó béèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Ṣé bàbá rántí mi?"

Màámi nu ojú. "Ẹnu bàbá ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan nígbà yẹn, a kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn dáadáa. Àmọ́ orúkọ kan mọ́ lẹ́nu wọn. Bí mo bá gbé oúnjẹ wọlé, wọ́n á ní Akísí. Bí mo bá yí wọn padà lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á ní Akísí."

"Kí lẹ ń sọ fún wọn?"

"Mo ń jẹ́ ẹ. Mo máa ń ní, 'Èmi rèé.'"

Èmi tí mo wà nínú ilé yẹn, tí mò ń gbé bàbá jókòó, mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu wọn láìmọye ìgbà. Mo rò pé wọ́n ń béèrè omi ni.

N kò mọ̀ pé àsárì ti kọjá. Ìró bọ́ọ̀sì ló sọ fún mi, tó há sínú títì tóóró tó wà níwájú ọgbà, tó ń wá wa kiri, tó ń fun fèrè. Fóònù mi ti ń dún nínú báàgì, n kò gbọ́ ọ. Làtí wọlé, ìbínú wà lójú rẹ̀, Bàbá Ọlá wà lẹ́yìn rẹ̀, àwọn yòókù sì ń yọ orí lójú fèrèsé ọkọ̀. Mo sáré pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà, mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ṣókí. Làtí gbé ọwọ́ lé orí.

Bàbá Ọlá ṣí fìlà wọn. Wọ́n rìn kọjá lára mi, wọ́n dé iwájú Màmá Akísí, wọ́n tẹrí ba. "Ẹ kú ará fẹ́ra kù o, ìyàwó wa. Ọlọ́run á dẹ́kun ìbànújẹ́. Àwa ará ilé la dé."

Àwọn yòókù wá ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ará Ẹ̀jìgbò, ará Ara, ará Masífà, àwọn tí a jọ ń jà lórí ìjókòó ẹ̀gbẹ́ fèrèsé láti ọjọ́ tí a ti kúrò nílé, wọ́n tò wọlé, wọ́n ń kúnlẹ̀, wọ́n ń kí i. Arákùnrin kan ka àdúrà ní Lárúbáwá, gbogbo wa ṣe àmín. Àwọn aládùúgbò rí èrò, wọ́n gbé bẹ́ǹṣì jáde láti ilé mẹ́ta mẹ́rin, wọ́n sì ń bu omi kiri títí gbogbo ọkọ̀ fi mu. Arábìnrin kan ṣáà ń kùn pé òun kò ní rí ilé ohun àtijọ́ mọ́, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Nígbà tó yá, òun náà ń bá wọn pín ẹja tí àwọn aládùúgbò gbé wá.

Kí a tó kúrò, Màámi ní kí Màmá Akísí máa bá wa bọ̀ nílé. Ó rẹ́rìn-ín. "Kí n wá gbé níbo, ìyáálé? Ibí ni mo ti dàgbà. Ẹ ti wá, ó tó." Ó fọwọ́ kàn mí léjìká. "Fún mi ní nọ́ńbà ọmọ mi."

Ilé

N kò ní sọ púpọ̀ nípa ìpadàbọ̀. Màámi ló gba ẹnu Làtí nínú ọkọ̀, wọ́n ń sọ fún wa bí wọ́n ṣe ń ta aṣọ ní Tíráyífílù, bí Akísí ṣe fi omi ìfọṣọ lé olè kan jìnnà. Èrò ń rẹ́rìn-ín. Ìyá ọkọ mi tí mo mọ̀ kọ́ ló jókòó tì mí, mo sì fẹ́ràn ẹni tí mo ń wò yìí.

A dé Ẹ̀jìgbò ní ọ̀sán. Màámi sọ ohun gbogbo fún Kàmọ́rù níṣojú mi, wọn kò fi ọ̀kan pamọ́. Ó tẹrí mọ́lẹ̀ títí wọ́n fi sọ̀rọ̀ tán. Ó ní òun rò pé Màámi ni kò fẹ́ gbọ́ orúkọ náà nínú ilé, ìdí tí òun kò fi pè é rí, títí dé ọ̀dọ̀ èmi ìyàwó rẹ̀. Màámi ní àwọn rò pé Kàmọ́rù ti gbàgbé ni.

Lẹ́yìn náà, mo gbé oúnjẹ síwájú ọkọ mi. Kò tíì fọwọ́ kàn án tí fóònù rẹ̀ fi dún. Nọ́ńbà òkèèrè ni. Ó gbé e sétí, ó ní "Hàló." Lẹ́yìn náà ni Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde lẹ́nu ọkọ mi. N kò gbọ́ ọ rí láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ. Ohùn rẹ̀ kéré, ó ń sáré, ó ń dáhùn bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, omi sì ń ṣàn lójú rẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín. Mo jókòó nínú yàrá ara mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ ara mi, n kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan.

Mo fọwọ́ kàn án. "Kí ni wọ́n wí?"

Ó fi ọwọ́ bo fóònù.

"Wọ́n ní ṣé mo ti jẹun."